Ìrépé Aṣọ Ara Ẹrù Ìdí-Ọdán

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ ohùn yín. Àlọ́ o.

Àlọ̀ o.

Ìtàn mi gbéra, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta Bwari. Ó kọjá lára Ìjàpá, kò kí i. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọba, kò yà. Dutse Alhaji ló balẹ̀ sí, lẹ́nu ọ̀nà awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Bámiṣayọ̀. Ọmọ Ìdí-Ọdán ni, abúlé kékeré kan lọ́nà Kábà, níbi tí igi ọdán ńlá kan dúró sí láàárín ilé, tí gbogbo ìyá ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ bí oòrùn bá ti rọlẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Bámiṣayọ̀ fi wa bọ́ọ̀sì fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga káàkiri Abuja. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà ní oríta Dutse, á tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, pọ̀ pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa sáré bọ̀, ẹlòmíràn pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Bí ó bá wá di oṣù Kérésìmesì, ọ̀gá á pè é, á ní, "Bámi, gbé bọ́ọ̀sì yẹn lọ kí màmá ẹ. Má jẹ́ kí n rí ibi tó ha o."

Bí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ṣe di bọ́ọ̀sì Ìdí-Ọdán nìyẹn. Àwọn ọmọ abúlé náà tó wà ní Abuja, àwọn tó ń kọ́lé ní Kubwa, tó ń ta ìṣó ní Dei-Dei, tó ń tọ́jú aláìsàn ní Bwari, ọ̀pọ̀ wọn ni iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ọdún. Ẹrù ni wọ́n ń rán. Ẹrù ìyá ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná tí kì í fi ojú sọ́nà fún un láti ìgbà tí wọ́n bá ti wa iṣu tán.

Ní ọdún àkọ́kọ́, orúkọ ni wọ́n kọ sára ẹrù. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, kálukú ìyá sì gbé èyí tó wù ú. Ìyá Olúṣèyí gbé páálí ìyá Tolú lọ sílé, ó bá òróró ẹsẹ̀ ríro nínú rẹ̀, ó fi ń pa orí tó ń fọ́ ọ títí ọdún fi yí. Ìyá Tolú ní tirẹ̀ bá bàtà tó kéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ òun kò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ òun, ló bá wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún.

Màmá Oyèbísí, ìyá tó bí Bámiṣayọ̀ gan-an, ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó ní, "Ìwé kọ́ la mọ̀. Aṣọ la mọ̀." Ni ìyá kọ̀ọ̀kan bá ya ìrépé kan lára ògbólógbòó ìró tó fi pọn ọmọ rẹ̀, wọ́n kó o fún Bámiṣayọ̀ pé kó fún àwọn ọmọ ní Abuja. Láti ìgbà náà, ẹrù kan kò wọ bọ́ọ̀sì yẹn láìní ìrépé aṣọ ìyá tó ni ín lára. Bí ẹrù bá dé, ìyá á wo aṣọ, á tú u, á kó ọjà wọlé. Bí bọ́ọ̀sì bá ń padà, á so aṣọ kan náà mọ́ ẹnu àpò gàrí, á ní kí wọ́n gbé e fún ọmọ òun. Báyìí ni àwọn ìrépé náà ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, lọ́dọọdún.

Bámiṣayọ̀ kò nílò láti so tirẹ̀ mọ́ ẹrù, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ti ìyá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ara kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ló so ó mọ́. Aṣọ aláró ni, ó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ọ̀gá pe awakọ̀ mẹ́rin sí ọ́fíìsì. Iṣẹ́ kò wọlé mọ́, epo ti wọ́n, àwọn tó fẹ́ gbẹ́ kànga ń ní kí ọdún kọjá ná. Ojú tábìlì ni ọkùnrin náà ń wò nígbà tó ń fún wọn ní ìwé. Wọ́n ti dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Bámiṣayọ̀ ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí n tú nǹkan kan lára rẹ̀."

Ó dúró síbẹ̀, ó ń tú u. Ọ̀pọ̀ ọdún ti mú kí kókó náà le bí ẹ̀kùrọ́. Nígbà tí èékánná kò ràn án mọ́, ó fi eyín sí i. Gbogbo ọ́fíìsì ń wò ó. Ó jọ pé òun nìkan ni kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn wọ àdúgbò rẹ̀. Bàbá Hausa tó ń ta tíì ní oríta rí i.

"Sànnu, dìréba. Mọ́tò dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, Bàbá."

"Yauwa. Ọlọ́run á tún un ṣe."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó tètè jáde lẹ́nu, ó sì yà á lẹ́nu pé kò wúwo.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ Èyítáyọ̀ ń dirun fún ẹnì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan títí ẹni náà fi lọ. Ó ti rí ìrépé aṣọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, kò sì rí kọ́kọ́rọ́.

"Wọ́n ti dá ẹ dúró."

"Wọ́n ti dá mi dúró."

Ó kó irun tó já sílẹ̀ jọ, ó gbá ilẹ̀ mọ́. "Oṣù ìdirun la wà yìí, ebi ò ní pa wá. Ṣùgbọ́n sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n tó máa gbé ẹrù wá."

"Màá sọ."

Ó fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló pinnu pé òun máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ bàtà, Olúṣèyí ti dé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ìdí-Ọdán, ó ru àga onítìmùtìmù lórí, òógùn bò ó.

"Bámi, gbà mí kí n tó kú. Ìyá ní àpótí ti ń dun òun nídìí."

"Àga tó tóbi báyìí."

"Ṣé ìwọ lo máa jókòó sí i ni? Ọjọ́ kẹtàlélógún náà ni, àbí?"

Bámiṣayọ̀ ya ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó wo òógùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wo ìrépé aṣọ òféfèé olódòdó tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ àga, tó ti ṣá nítorí oòrùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé kún. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹrù mọ́kànlá ló wà ní pálọ̀: àpò ìrẹsì, páálí ẹja gbígbẹ, bùláńkẹ́ẹ̀tì, fìtílà tó ń lo oòrùn, ìkòkò irin tí ẹnì kan fi ìwé ìròyìn wé bí ọmọ tuntun. Wọn ò rí tẹlifíṣọ̀n wò mọ́. Orí àpò ìrẹsì ni Dára, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Gbogbo ẹrù náà ní àkísà lára, àkísà kọ̀ọ̀kan sì ń wo Bámiṣayọ̀ bí ìyá tó jókòó tó ń retí.

Lójoojúmọ́ ló ń wá mọ́tò. Ní gáréèjì, èrò ọdún ti kún ju ọkọ̀ lọ, wọ́n ní kò sáyè fún ẹrù. Bí ó bá padà sílé, nǹkan mìíràn á tún máa dúró dè é. Dára béèrè pé, "Dádì, ọ̀gá ò tíì fún wa ní adìẹ ọdún yìí?"

Èyítáyọ̀ ló dá a lóhùn. "Ẹyin la máa jẹ. Adìẹ, ìyá ẹ̀, á dé tó bá yá."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ wo ojú fèrèsé. Ó ń rántí Kérésìmesì ìgbà kékeré rẹ̀, nígbà tí kò sí ọ̀gá kankan tó ń fún èèyàn ní adìẹ. Màmá Oyèbísí á lọ ẹ̀wà lórí ọlọ, á fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín, òórùn ewé á gba gbogbo agbolé. Ẹyin kan ṣoṣo ló máa ń pín sí mẹ́jọ, á fi okùn òwú gé e, bí ẹnì kan bá sì bá èérún ẹyin nínú tirẹ̀, ó di olóríire ọjọ́ náà. Kò rántí pé ẹnikẹ́ni sọ pé kò tó.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún, ẹsẹ̀ gbé e dé Dei-Dei, níbi tí wọ́n ti ń já pákó sílẹ̀ nínú lọ́rì. Awakọ̀ lọ́rì kan jókòó sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, eruku pákó ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di ti arúgbó. Wàsíù ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìsẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ibo lẹ ti kó pákó yìí wá?"

"Ẹ̀yìn Kábà. Kí ló dé, ṣé ìwọ lo gbin igi?"

Bámiṣayọ̀ rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. "Ìgbà wo lẹ tún ń padà síbẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹtàlélógún. Òfìfo ni n ó wà á lọ."

Bámiṣayọ̀ jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé. Wàsíù ń gbọ́, ó ń bó ẹ̀pà.

"Àwọn tó ni ẹrù mọ̀ pé lọ́rì pákó ló máa gbé e?"

"Wọn ò tíì mọ̀."

"Kí ni wọ́n rò pé ó máa gbé e?"

"Bọ́ọ̀sì mi."

"Bọ́ọ̀sì ẹ dà?"

Wàsíù gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára sòkòtò rẹ̀.

"Àbúrò, gbọ́. Ogún ọdún ni mo ti wà lójú títì. Mi ò gbé ẹrù tí ẹni tó ni ín ò mọ ọkọ̀ tó wọ̀. Bí táyà bá bẹ́, ta ni n ó pè? Bí ẹrù bá sọnù, lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀? Lọ fi ẹnu ara ẹ sọ fún wọn. Bí wọ́n bá gbà, n ó gbé e. Kí àwọn ìyá yín gún iyán fún mi ní tiwọn, ó ti pé mi."

Ọjọ́ Ìsinmi tó kù kí ọdún dé, ẹgbẹ́ pàdé nínú kíláàsì ilé-ìwé kan ní Dutse. Àwọn àgbàlagbà ká ẹsẹ̀ jọ sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Bámiṣayọ̀ dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, ó di ìrépé aláró náà mú.

"Mi ò ní bọ́ọ̀sì mọ́. Wọ́n ti dá mi dúró láti oṣù tó kọjá. Gbogbo ẹ̀yin tí mo dáhùn bẹ́ẹ̀ ni fún, irọ́ ni mo pa fún yín. Mo ti rí lọ́rì pákó kan tó ń lọ sí Kábà. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wá gbé ẹrù rẹ̀."

Níta, ewúrẹ́ kan ń fa ìwé ya.

Olúṣèyí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyẹn ni pé o jẹ́ kí n ru àga gun òkè yẹn, o sì mọ̀ pé kò sí mọ́tò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọrùn mi ò tíì dọ́gba títí di ìsinsìnyí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo kíláàsì bá gbà á. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Olúṣèyí ní, "Lọ́rì náà, ṣé ó ní tapólì? Mi ò fẹ́ kí eruku ba tìmùtìmù ìyá mi jẹ́."

Tolú nìkan ló wá gbé tirẹ̀. Ó ní kó má bínú, àwo tánńganran ló wà nínú rẹ̀. Kò purọ́, àwo ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò jókòó, kò sì mu omi tí Èyítáyọ̀ gbé fún un. Ẹrù mẹ́wàá ló kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàlélógún, lọ́rì Wàsíù ti ń kùn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Bámiṣayọ̀ rí i pé kò sí àkísà kankan lára ẹrù.

"Dára. Aṣọ ara ẹrù dà?"

Ọmọ náà jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mo fọ̀ wọ́n, Dádì. Wọ́n dọ̀tí gan-an. Mo ti kọ orúkọ sí gbogbo ẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà."

Lóòótọ́, orúkọ wà lára gbogbo wọn. Ìrépé mẹ́wàá sì ń fẹ́ lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé, ọyẹ́ ti gbẹ wọ́n. Bámiṣayọ̀ kò bá a wí. Ọmọ Abuja ni. Lójú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló ṣeé gbára lé. Ó ká wọn, ó kó wọn sínú náílọ́nù, ó sì gun òkè ọkọ̀.

Àyè kan ṣoṣo tó kù lórí ẹrù ni àga ìyá Olúṣèyí. Ibẹ̀ ló jókòó sí.

Wàsíù yọ orí síta. "Kábíyèsí, ṣé ìtẹ́ rọ̀ yín lọ́rùn?"

"Máa wà á lọ, ìránṣẹ́."

Wọ́n gba Gwagwalada kọjá, wọ́n gba Abaji, wọ́n dé ibi tí odò méjì ti pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń wa ọkọ̀ ní ọ̀nà yìí, ojú títì nìkan ló máa ń rí. Ní òkè yìí, gbogbo nǹkan tún padà wá bá a: èéfín igbó tí wọ́n sun, ọyẹ́ tó ń ha ètè, àwọn ọmọdé tó ń sáré tẹ̀ lé lọ́rì tí wọ́n ń juwọ́. Ó rántí ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, lórí lọ́rì oníṣu, tí Màmá Oyèbísí di ìdí ẹ̀wù rẹ̀ mú láti Kábà títí dé ilé, tí kò jẹ́ kó sinmi, tó ń sọ pé, "Jókòó dáadáa, ẹrù ni ọ́ lọ́wọ́ mi." Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Kò mọ ohun tó mú un padà wá.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Ọdán. Àwọn ìyá wà lábẹ́ igi, wọ́n ń retí fèrè ẹ̀ẹ̀mejì, pọ̀ pọ̀. Fèrè lọ́rì Wàsíù ké bí màlúù, kò sẹ́ni tó dìde.

Màmá Oyèbísí gbé ọwọ́ bojú. "Ta lẹ ń wá o?"

"Ìyé, èmi ni."

"Bọ́ọ̀sì dà?"

"Kò sí mọ́, Ìyé. Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Kọ́kọ́ fún àwọn èèyàn lẹ́rù wọn," ó ní.

Ni wàhálà bá bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìyá tó fẹ́ gba ohun tí kò ní aṣọ lára.

"Orúkọ yín ló wà lára ẹ̀ yìí, Ìyá."

"Ta ló kọ ọ́? Ṣé èmi ni mo kọ ọ́?" ìyá Olúṣèyí ní. "Mo ti fi òróró ẹsẹ̀ pa orí rí. Aṣọ mi ni kí o fi hàn mí."

Bámiṣayọ̀ tẹ́ ẹní, ó tú náílọ́nù sí i. Àwọn ìrépé náà mọ́ tónítóní, òórùn ọṣẹ Abuja ń ti ara wọn jáde. Ní àwọn ọdún tó kọjá, kí èèyàn tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ìyá ti gbé ẹrù wọn, wọ́n ti lọ. Lónìí, wọ́n jókòó yí ẹní ká. Wọ́n ń gbé aṣọ náà, wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí itan.

"Ẹ ò rí i, òdòdó tún yọ lára ẹ̀," ìyá Olúṣèyí wí, ìrépé òféfèé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo pọn Olúṣèyí lọ sí oko ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ tí òjò ká wa mọ́. Mo tú ìró yìí, mo fi bò ó, òjò sì ń nà mí níhòòhò. Ó sùn lọ ní tiẹ̀."

"Ìwọ wà níhòòhò, ta ló rí ọ?" ẹnì kan béèrè.

"Bàbá ẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí àbúrò ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òmíràn gbé tirẹ̀, ó ní aṣọ ìgbéyàwó òun ni, òun nìkan ló kù lára àwọn tó jó lọ́jọ́ náà. Òmíràn kàn fi tirẹ̀ nu ojú. Wàsíù jókòó sórí gbòǹgbò igi, àwo iyán wà ní iwájú rẹ̀, ó ti gbàgbé pé Kábà ni òun ń lọ. Ìyá Tolú náà wà níbẹ̀, kò ní ìrépé kankan lórí ẹní. Bámiṣayọ̀ sọ fún un pé ẹrù rẹ̀ ń bọ̀, pé àwo ni, òun kò fẹ́ kó fọ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn.

Bí ìyá kọ̀ọ̀kan ti ń fi aṣọ rẹ̀ hàn, Bámiṣayọ̀ ń ka orúkọ, ó ń gbé ẹrù tirẹ̀ fún un. Nígbà tí ẹní ṣófo, Màmá Oyèbísí ṣì jókòó. "Tèmi dà?"

Bámiṣayọ̀ mú ìrépé aláró náà jáde nínú àpò. "Òun nìkan ló dé, Ìyé. Mi ò rí ẹrù tí mo máa so ó mọ́ lọ́dún yìí."

Ìyá náà gbà á. Dára kò fọ ìyẹn. Gírísì ọ̀pọ̀ ọdún ṣì wà lára rẹ̀. Ó fi ìka tẹ ibi tí eyín ọmọ rẹ̀ ti gé e díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa ọwọ́ Bámiṣayọ̀ sọ́dọ̀, ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ta á ní kókó méjì, bí wọ́n ṣe ń di ẹnu àpò.

"Aṣọ mi nìyí," ó ní. "Ẹrù mi sì nìyí. Kò fọ́, kò dànù. Wọlé wá jẹun."

Nígbà tí ọdún yí, lọ́rì pákó padà sí Dei-Dei. Lórí pákó ni iṣu wà, àti gàrí, àti epo nínú kéègì, ìrépé mọ́ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bámiṣayọ̀ sì jókòó tì wọ́n. Kò tíì rí bọ́ọ̀sì mìíràn wà títí di òní. Ṣùgbọ́n bí Wàsíù bá ti ń lọ sí ẹ̀yìn Kábà, Bámiṣayọ̀ ni wọ́n ń fi ẹrù rán, Tolú náà ti gbé àwo rẹ̀ wá. Bí ó sì ti ń kọjá ní oríta Dutse, bàbá onítíì tún kí i.

"Sànnu, dìréba. Mọ́tò ò tíì kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì?"

"Mi ò ní mọ́tò mọ́, Bàbá. Wọ́n gbà á."

"Kai." Bàbá náà nu bẹ́ǹṣì. "Jókòó, mu tíì."

Ibi tí mo rìn dé nìyẹn tí ẹsẹ̀ ìtàn fi ro mí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ bu omi sí i. Ó tó, ẹ dìde. Ẹni tó wà nítòsí ilẹ̀kùn, tì í. Ẹ fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó gun ẹní, ẹ sì fa aṣọ yẹn dé ọrùn, ọyẹ́ ń bọ̀. Ẹni tó kéré jù láàárín yín ti sùn ná. Ẹ rọra gbé e wọlé.